Àhesọ nípa Ìfẹ́ Ìkọ̀kọ̀ Àwọn Òṣèré: Ẹ̀rí Ìtàn láti Hollywood, Èkó àti Kano

Ìfáàrà

Kò sí ibi tí òṣèré ti gbajúmọ̀ tí àwọn ènìyàn kò ní máa wádìí ẹni tí ó ń bá sùn. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, wọn á ní aṣẹ́wó ni. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin tí kò tètè gbéyàwó, wọn á ní ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tí ó sì gba yàrá sí Hayin Dogo lẹ́bàá Samaru ní Zaria, ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí nípa òṣèré Amẹ́ríkà, ti Èkó àti ti Kano lórí fóònù kan ṣoṣo. Láìpẹ́, òun náà yóò dúró níwájú kíláàsì. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: kí ni olùkọ́ ìtàn lè fi àhesọ ṣe? Èrò wa ni pé àhesọ kò tó ẹ̀rí nípa ẹni tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹ̀rí gidi nípa àwùjọ tí ó ń sọ ọ́ àti nípa ẹni tí ó ń jẹ èrè rẹ̀.

Hollywood: àhesọ gẹ́gẹ́ bí ọjà

Láti 1921, lẹ́yìn ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan apanilẹ́rìn-ín Roscoe Arbuckle, ni àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ nípa ìwà sínú àdéhùn iṣẹ́: òṣèré tí orúkọ rẹ̀ bá bàjẹ́ lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1930 ni wọ́n ṣe òfin ìwà rere fún fíìmù, wọ́n sì mú un le ní 1934. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ so mọ́ orúkọ rere báyìí kò lè fi ojú yẹpẹrẹ wo àhesọ. Ní 1933, William Haines, tí ó ti jẹ́ ìràwọ̀ ńlá ní ilé-iṣẹ́ MGM, kọ̀ láti fi ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ parí. Ó sì di ẹni tí ń ṣe ilé àwọn ọlọ́lá lọ́ṣọ̀ọ́.

Ní 1952 ni ìwé ìròyìn Confidential jáde, tí ó ń ta àṣírí òṣèré fún ará ìlú. Ní 1955, ó gbé ìtàn Rory Calhoun jáde pé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ó sì gbé ti Tab Hunter jáde pé wọ́n bá a níbi àpèjẹ àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin. Ohun tí a mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé Henry Willson, aṣojú òṣèré, ni ó fi àṣírí wọn ṣe pàṣípààrọ̀ kí wọ́n má baà kọ nípa Rock Hudson, tí owó tí ó ń mú wọlé pọ̀ jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Hudson gbé Phyllis Gates, akọ̀wé Willson, níyàwó. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1958. Gates sọ títí ayé pé ìfẹ́ ni òun fi fẹ́ ẹ. Nígbà tí àrùn éèdì ń pa Hudson lọ ní 1985 ni ó fọwọ́ sí i kí wọ́n kọ ìtàn ayé rẹ̀ láìbò. Ìwé náà jáde ní 1986, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Hunter fúnra rẹ̀ kọ tirẹ̀ ní 2005.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo Cary Grant. Òun àti Randolph Scott jọ gbé ilé kan ní ọdún 1930 sí i, àwòrán wọn nínú ilé náà sì jáde nínú ìwé ìròyìn. Orí àwòrán wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ àhesọ òde òní dúró lé. Grant gbéyàwó lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó sì pe apanilẹ́rìn-ín Chevy Chase lẹ́jọ́ ní 1980 nítorí pé ó pè é ní ẹni tí ń fẹ́ ọkùnrin. Àwòrán ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ń jẹun kò sọ ju pé wọ́n jọ jẹun lọ.

Ìgbéyàwó gẹ́gẹ́ bí èsì: Ògúndé àti Fẹlá

Nílẹ̀ wa, orí obìnrin ni ẹrù àhesọ wúwo sí jù. Alágbe ni àwọn àgbà máa ń pe òṣèré, kò sì sí òbí tí ó fẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ di alágbe. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré Tiger's Empire jáde ní oṣù kẹta 1946, ó fi orúkọ àwọn obìnrin sínú ìpolówó gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí ń gbowó iṣẹ́. Ohun tuntun ni. Láti dáàbò bo orúkọ wọn, àti kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ sílé ọkọ, Ògúndé gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó. Àwọn ìyàwó rẹ̀ lé ní mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá ń pe òṣèrébìnrin ní aṣẹ́wó yóò wá bá ìyàwó ilé pàdé.

Fẹlá Aníkúlápó-Kútì rìn lójú ọ̀nà kan náà. Ní February 1977, àwọn ṣọ́jà sun ilé rẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì fìyà jẹ àwọn obìnrin tí ń jó tí wọ́n sì ń kọrin pẹ̀lú rẹ̀. Ní February 1978, ó gbé 27 nínú wọn níyàwó lọ́jọ́ kan. Ọ̀kan nínú ìdí rẹ̀ ni pé kí ẹnu tí ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó lè pa mọ́.

Hudson fẹ́ ìyàwó kan, Fẹlá fẹ́ 27. Bùkátà tí ìgbéyàwó gbọ́ nínú méjèèjì jọra. Nítorí náà, òpìtàn kò gbọdọ̀ fi ìwé ìgbéyàwó nìkan ṣe ẹ̀rí ohun tí ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Kano: nígbà tí àhesọ di ọ̀rọ̀ ìjọba

Nínú fíìmù Hausa, orúkọ Kannywood àti ìwé ìròyìn Fim, tí wọ́n ń ṣe ní Kaduna, jáde ní 1999. Kano dá àjọ tí ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀ ní 2001. Ní 2007, fídíò ìkọ̀kọ̀ òṣèrébìnrin kan tàn káàkiri láti orí fóònù dé orí fóònù. Ìjọba Kano sì dá iṣẹ́ fíìmù dúró fún oṣù mẹ́fà. Ẹnìkan ni ọ̀rọ̀ kàn, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó jìyà rẹ̀. Ẹni tí kò rí fídíò náà rárá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé báyìí ni gbogbo wọn ṣe rí.

Ẹ̀kọ́ fún kíláàsì ìtàn

Yorùbá ní, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Òótọ́ ni pé àhesọ kì í ṣàdédé wá. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ lè má sí lára ẹni tí wọ́n ń sọ. Ti Hudson ní òótọ́ nínú. Ti àwọn oníjó Fẹlá, ìwọ̀sí sí iṣẹ́ obìnrin ni ó bí i. Àhesọ méjèèjì dún bákan náà létí, nítorí náà dídún rẹ̀ kò lè sọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ fún wa.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a dábàá kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi àhesọ kọ̀ọ̀kan. Ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, nígbà wo? Kí ni olùsọ rí jẹ nínú rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sọ tirẹ̀, kí ni ó sì sọ? Ìbéèrè kejì ni yóò tú àṣírí Confidential; ẹ̀kẹta ni yóò ya Hunter sọ́tọ̀ kúrò lára Grant. Ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn òkú Hollywood nìkan. Láti January 2014 ni òfin Nàìjíríà ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin, tí ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sórí fífi irú ìbáṣepọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ní irú àwùjọ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwàdà lásán kàn nínú yàrá alágbàpọ̀ ní Hayin Dogo lè sá kúrò nílé-ìwé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ẹ̀rí.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kí olùkọ́ má ṣe lé àhesọ jáde nínú ìtàn, nítorí ó ń fi ẹ̀rù, owó àti ìwọ̀sí àwùjọ hàn wá. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ ọ́ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ gan-an: ohun tí wọ́n sọ, ẹni tí ó sọ ọ́, àti ìyà tí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ nípa rẹ̀ jẹ.