Ibi Tí Èèkù Ọ̀bẹ Àkápọ̀ Ti Wá

Bí àwọn tó fẹ́ràn ọ̀bẹ bá pàdé, irin ni wọ́n máa ń jiyàn lé lórí: èwo ló mú jù, èwo ni kì í tètè dógùn-ún, èwo ni ẹnu rẹ̀ kì í yá kú. Èèkù kì í sábà wọ ọ̀rọ̀ náà, àfi bí ẹni pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Lójú tèmi, èèkù ló yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò bí a bá ń pa ìtàn ọ̀bẹ àkápọ̀, nítorí pé èèkù ọ̀bẹ yìí náà ni àkọ̀ rẹ̀. Àárín awẹ́ méjì tí wọ́n kàn pọ̀ ni ojú ọ̀bẹ ń ká wọ̀, awẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í sì í nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Bí ohun tí wọ́n fi ṣe é bá wú nígbà òjò tàbí tó súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀bẹ á há, tàbí kó máa mì. Ohun tó lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Nínú ìwọ̀nba tó sì wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ fúnra wọn dá sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ti ń rí i: alápatà, ẹni tó ń ṣe bọ́ọ̀lù bílíádì, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná, àwọn tó ń kan ọkọ̀ òfuurufú.

Lára àwọn ọ̀bẹ àkápọ̀ tó pẹ́ jù lọ tí wọ́n tíì hú jáde nínú ilẹ̀ ni ti Hallstatt ní Austria, tó ti tó nǹkan bí ọdún 2,500. Egungun ni èèkù rẹ̀. Àwọn ará Róòmù náà lo egungun, eyín erin àti idẹ. Ṣùgbọ́n Sheffield, ní àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Ní 1624, òfin ilé aṣòfin dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ ibẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì wà títí di òní. Ìwo àti egungun ojúgun màlúù wà lára ohun tí wọ́n ń lò jù. Kò sẹ́ni tó pa màlúù torí èèkù: ẹran ni wọ́n pa á fún, awọ lọ sọ́dọ̀ oníbàtà, egungun ṣẹ́ kù. Oníṣẹ́ á sè é kí ọ̀rá inú rẹ̀ lè jáde, á rẹ́ ẹ sí awẹ́ pẹlẹbẹ, á gbẹ́ ojú rẹ̀ ní ihò gbọọrọ-gbọọrọ, á wá rì í sínú aró. Ibi tó ki lára egungun kì í mu aró tó ibi tó fúyẹ́, èyí ni kì í jẹ́ kí awẹ́ méjì jọra délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò lu ihò, tí yóò ki ìṣó idẹ tíńrín bọ̀ ọ́, tí yóò rọra fi òòlù tẹ orí ìṣó náà pẹlẹbẹ. Bí òòlù bá le jù díẹ̀, egungun á sán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi irin dí orí èèkù níbi tí ojú ọ̀bẹ ti ń yí, kó lè jẹ́ irin ni yóò gba wàhálà yíyí náà.

Ẹnìkan lè sọ pé eyín erin da àlàyé yìí rú, torí eyín kì í ṣe àjẹkù ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, torí eyín náà ni wọ́n ṣe ń pa erin. Ilé-iṣẹ́ Joseph Rodgers ní Sheffield, tí àmì ìràwọ̀ àti àgbélébùú rẹ̀ ti wà láti 1682, ní yàrá kan tó kún fún eyín erin débi pé àwọn àlejò ń lọ wò ó. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló gbé ọ̀bẹ kan tó ní ojú 75 lọ sí Ìpàtẹ Ńlá ti London ní 1851. Ìkarahun òkun tó ń dán ni wọ́n fi bo èèkù rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ ló dá ọjà eyín erin sílẹ̀. Dùùrù, ìyarun àti bọ́ọ̀lù bílíádì ń jẹ níbẹ̀, ọ̀bẹ sì ń jẹ tirẹ̀. N kò sọ èyí láti dá oníṣẹ́ ọ̀bẹ láre: ẹ̀jẹ̀ erin wà lọ́rùn wọn bó ṣe wà lọ́rùn àwọn yòókù. Ní 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Lausanne láti fòpin sí òwò eyín erin Áfíríkà láàárín ara wọn, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tún ṣòfin tirẹ̀ ní 2018.

Bílíádì yìí náà ló bí ohun tó gba ipò eyín. Ní 1863, ilé-iṣẹ́ Phelan àti Collender ní New York ṣèlérí 10,000 dọ́là fún ẹni tó bá rí ohun tí wọ́n lè fi ṣe bọ́ọ̀lù láìsí eyín erin. Wíwá tí John Wesley Hyatt ń wá a kiri ló gbé e dé orí celluloid, irú ike kan, ní nǹkan bí 1870. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀bẹ gbá a mú, torí ó ń gba àwọ̀ tó bá wù wọ́n, ó sì lè jọ ìkarahun ìjàpá òkun tàbí eyín. Ṣùgbọ́n ìbátan ẹ̀tù ni: ó ń yára gbiná, bó bá sì gbó, afẹ́fẹ́ kíkan máa ń jáde lára rẹ̀ tó ń mú irin ọ̀bẹ dógùn-ún, débi pé àwọn tó ń kó ọ̀bẹ àtijọ́ jọ máa ń yà á sọ́tọ̀ kó má baà ran àwọn yòókù. Ní 1907, Leo Baekeland ṣe Bakelite, oje àtọwọ́dá kan. Kò pẹ́ sígbà náà tí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Westinghouse bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú oje bẹ́ẹ̀ lẹ bébà àti aṣọ pọ̀ ní ìpele-ìpele, tí wọ́n ń fi ooru tẹ̀ ẹ́ títí tó fi le bí òkúta. Micarta nìyẹn, ohun tí wọ́n ń fi dí iná mànàmáná kó má baà ràn. G-10 tẹ̀lé e, òwú gíláàsì inú oje, ohun èlò oníná bákan náà. Omi kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n, ẹ̀ẹ̀rùn kì í sì í mú wọn súnkì. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ Sheffield ń wá lára egungun tí wọn kò rí tó ni.

Àwọn kan á ní ayédèrú ni gbogbo èyí, pé egungun ni ojúlówó. Mo bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ tí wọ́n ní sí iṣẹ́ àtijọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo àwọn ihò tí oníṣẹ́ gbẹ́ sára egungun yẹn dáadáa. Kí ló ń fara wé? Ìwo àgbọ̀nrín. Ìwo àgbọ̀nrín tó rí ṣákaṣàka ni àwọn olówó ń fẹ́, ní pàtàkì ti sambar ilẹ̀ Íńdíà, tó ń já bọ́ fúnra rẹ̀ tí àwọn èèyàn ń ṣà nínú igbó, kí ìjọba ibẹ̀ tó dá kíkó o lọ sókè òkun dúró. Egungun ni wọ́n ṣe fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a. Nígbà tí Delrin, ike ilé-iṣẹ́ DuPont, wá dé, wọ́n da òun náà sínú àpẹẹrẹ oníhò kan náà kó lè jọ egungun. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà kejì kì í ṣe ojúlówó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tó sọ ẹ̀dà kìíní di ojúlówó.

Níti èèkù tí ẹni tó ni ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ yàn, ó ti wà tipẹ́. Olówó Sheffield lè ní eyín ni òun fẹ́. Àmọ́ kí ọ̀bẹ tó kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́ ló ti gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, torí ìṣó tí wọ́n bá ti fi òòlù tẹ̀ kì í ṣe é yọ láìba nǹkan jẹ́. Ọ̀bẹ pupa ti Switzerland, èyí tí Karl Elsener gba òfin ààbò fún ní 1897, ṣí ọ̀nà díẹ̀ nígbà tó yá, torí àwọn awẹ́ rẹ̀ tòde òní kàn ń há mọ́ orí ìṣó idẹ ni. Ẹni tó bá ní sùúrù lè yọ wọ́n, kó fi igi tàbí titanium rọ́pò. Ohun tó wá yí ọ̀rọ̀ padà pátápátá ni sukúrúù, tí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mú wọ ọ̀bẹ àkápọ̀ lọ́pọ̀ yanturu ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ẹni tó bá ní sukurudíráfà kékeré lè tú èèkù rẹ̀ lórí tábìlì ilé, kó sì ra awẹ́ mìíràn lọ́wọ́ oníṣẹ́ kan tí kì í rọ ọ̀bẹ rárá, tó jẹ́ awẹ́ nìkan ló ń gbẹ́. Titanium tó di gbajúgbajà lára ọ̀bẹ láti nǹkan bí 1990, ọ̀dọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ló ti wá. Ní báyìí, Micarta àtijọ́ ti Westinghouse, pàápàá oníbébà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eyín erin, ni àwọn tó ń gbẹ́ èèkù ń wá kiri ilé ìkẹ́rùsí, tí wọ́n sì ń rà á ní owó tó ju ti tuntun lọ.