Ìbọn tí wọ́n fi ń já bàálù: èwo ló yára gbéra jù lójú ogun?

Ní oṣù October 1967, bàálù Fokker F-27 kan tí Biafra fi wá ju bọ́ǹbù sí Èkó fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ogun náà jẹ́ kí ará Èkó rí i pé ewu lè ti òkè wá.

Oríṣiríṣi ni ìbọn tó ń kojú bàálù, àmọ́ agbára ọta nìkan kọ́ ló ń mú un wúlò. Tí ọ̀tá bá ti mọ ibi tó wà, àfi kí sójà tètè gbé e kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí lè lọ sí i. Ẹ wo bí àwọn tí ilẹ̀ Áfíríkà mọ̀ dáadáa ṣe ń rìn.

Bofors 40mm L/60

Sweden ló ṣe é ní àwọn ọdún 1930. Ó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì, ó sì ní tayà mẹ́rin. Ọkọ̀ ló ń fà á, bí wọ́n ṣe ń fa danfo tó bàjẹ́ kúrò ní Ojúẹlẹ́gba. Kí wọ́n tó yìn ín dáadáa, wọ́n á fi jáàkì gbé e dúró. Biafra fi irú rẹ̀ ṣọ́ pápá bàálù Uli. Níbẹ̀, kò nílò ìrìn púpọ̀, torí pápá bàálù kì í kúrò lójú kan.

ZU-23-2

Ọdún 1960 ni Soviet bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ẹnu méjì ló ní, kò sì tó tọ́ọ̀nù kan. Sójà tó mọ̀ ọ́n lò lè gbé e kalẹ̀ láàárín ìdajì ìṣẹ́jú. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní rédà, kò sì sí irin tó bo ẹni tó ń yìn ín.

Shilka (ZSU-23-4)

Èyí ò nílò ọkọ̀ tó máa fà á, òun fúnra rẹ̀ ni ọkọ̀. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 19, ó ní ẹnu mẹ́rin àti rédà, ó ń fi ṣéènì irin rìn, ó sì lè sá tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Ó lè máa yìn bó ṣe ń lọ. Iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà ní in. Àmọ́ ó ń mu epo gan-an, àtúnṣe rẹ̀ ò sì rọrùn. Ẹ̀yà Hilux wà ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, ti Shilka ò sí níbẹ̀.

ZU lórí Hilux

Ní ọdún 1987, sójà Chad fi ọkọ̀ Toyota tí wọ́n gbé ìbọn sí ṣẹ́gun Libya tó ní ọkọ̀ ogun tó wúwo. Lónìí, àti sójà Nàìjíríà àti Boko Haram ló ń lo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Borno. Ó yára ju gbogbo wọn lọ. Síbẹ̀, ìbọn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ẹrù tí Hilux lè gbé, tó bá sì yìn, ó máa ń mi ọkọ̀ náà tìtì. Ọta ìbọn kékeré pàápàá lè wọlé sára ẹni tó wà lẹ́yìn.

Èwo ló dára jù?

Ibi téèyàn ń ṣọ́ ló máa sọ ọ́. Bofors tó fún pápá bàálù. Shilka ló yẹ ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun tó ń rìn, nítorí irin tó bò ó. Hilux ló yẹ ilẹ̀ gbalasa, níbi tí eré sísá ti ń gba ẹ̀mí là.

Ọ̀rọ̀ yìí ti tún gbóná sí i. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, àwọn agbésùnmọ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í fi drone ju bọ́ǹbù sí àgọ́ sójà ní Borno. Ìbọn tí wọ́n ti ń dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ti tún ní iṣẹ́ lókè.