Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà fún Àwọn Ọmọ Wa: Bí Ó Ti Bẹ̀rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Kù fún Ìlú Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí a bojú wẹ̀yìn kí a tó pinnu irú ẹ̀kọ́ tí a ó fún àwọn ọmọ wa. Ẹgbẹ́ wa ti sapá púpọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìwé, ẹnikẹ́ni kò sì lè sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí a ti fi sí ẹ̀yìn, èyíinì ni ẹ̀kọ́ ọwọ́ àti ti ojú: àwòrán yíyà, igi gbígbẹ́, aṣọ híhun, aró rírẹ, ìlù lílù àti eré orí ìtàgé. Ìtàn bí ẹ̀kọ́ yìí ti ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé àti lẹ́yìn odi, nítorí pé ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Kí ilé-ìwé tó dé, agbo ilé ni a ti ń kọ́ ọnà. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà a jókòó ti baba rẹ̀, a máa kó èérún igi, a máa pọ́n ọ̀bẹ. Bí ó bá pẹ́, baba a fún un ní ère tí òun ti là sílẹ̀ pé kí ó họ ọ́ kí ó dán. Ọmọ àyàn a máa lu ìlù kékeré tẹ̀lé ìyáàlù. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé, ilé-ìwé gba ọmọ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ sì ka ère gbígbẹ́ sí ìbọ̀rìṣà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ẹni tí ó mọ̀wé kò mọ ọnà, ẹni tí ó sì mọ ọnà ni a ń pè ní aláìmọ̀kan.

Ẹni tí a kò lè gbàgbé nínú àtúnṣe ọ̀ràn yìí ni Olóògbé Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí a bí ní 1882. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ bí a ti ń ya àwòrán ènìyàn, nígbà tí àwọn Òyìnbó kan ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1920 ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ṣẹ́ náà délẹ̀. Nígbà tí ó padà dé ní 1922, kò fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá owó nìkan. Ó ń lọ láti ilé-ìwé kan dé èkejì ní Èkó láti kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí ó rí i pé iṣẹ́ náà ju agbára ẹnìkan lọ, ó bẹ ìjọba kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn sí i. Báyìí ni Kenneth Murray ṣe dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927.

Ojú ọ̀tọ̀ ni Murray fi wo iṣẹ́ náà. Ọnàbólú fẹ́ kí ọmọ dúdú mọ ohun tí Òyìnbó mọ̀; Murray ń fẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn baba wọn ń ṣe. Ní 1937 ó kó iṣẹ́ àwọn ọmọ tí ó kọ́ lọ fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ti Ben Enwonwu sì wà nínú wọn, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé lẹ́yìn náà. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre: ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá kúrò ní Èkó, kí a lọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ní 1947, àwọn àlùfáà Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀, Fádà Kevin Carroll, ọmọ ìjọ SMA, sì ni a mọ̀ mọ́ ọn jùlọ. Fádà kò sọ pé òun yóò kọ́ Yorùbá ní igi gbígbẹ́. Àwọn tí ó ni iṣẹ́ ni ó wá lọ: George Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo Èkìtì. Wọ́n gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù sára igi, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì wọṣọ bí Yorùbá. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá-Ọ̀ràngún, Lámídì Fákẹ́yẹ, ti wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Ọmọ ìran gbẹ́nàgbẹ́nà ni, Mùsùlùmí sì ni, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ní kí ó fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni yìí ni ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1978, òun ni ó sì gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà níbẹ̀. Ó kú ní ọdún 2009.

Ní Òṣogbo, olùkọ́ ilé-ìwé bí èmi ni Dúró Ládípọ̀. Ní 1962, òun àti Ulli Beier sọ ilé ọtí rẹ̀ di gbọ̀ngàn eré àti ọnà. Mbárí, orúkọ láti èdè Ìgbò, ni wọ́n fẹ́ pè é. Àwọn ará Òṣogbo yí i padà sí Mbárí Mbáyọ̀, bí ẹni pé, bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Ní 1962 àti 1963, Denis Williams, ọmọ Guyana, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán níbẹ̀. Ní 1964, Georgina Beier ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ẹ̀kọ́ náà máa ń gbà. Wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn bíi Twins Seven-Seven, Jímọ̀ Bùráímọ̀, Adébísí Fábùnmi àti Mùráínà Oyèlámì jáde láti ibẹ̀, ayé sì mọ̀ wọ́n. Oyèlámì kò gbàgbé ilé: ó dá ibi ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ ní Ìràgbìjí, ìlú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kíyè sí ohun kan. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó gbé ẹrù náà. Nígbà tí àwọn olórí ìjọ dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró, ilé iṣẹ́ Ọ̀yẹ́-Èkìtì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1954, lẹ́yìn ọdún méje péré. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ kú ní 1978, ọ̀pá kan yẹ̀ nínú ilé. Ohun tí ẹnìkan bá gbé lórí, bí ó bá sọ̀ ọ́, ilẹ̀ ni yóò bọ́ sí; ohun tí ìlú bá jùmọ̀ gbé ni kì í wó.

Ìjọba ti fi ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà sínú ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún 2008. Ṣùgbọ́n mo ti rí kíláàsì tí olùkọ́ ti ń kọ ìtumọ̀ “àwòrán” sára pátákó, tí àwọn ọmọ ń dà á kọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì mú ọ̀dà lọ́wọ́. Èmi pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo na ọmọkùnrin kan nítorí pé ó ya ọ̀gá wa sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Àwòrán náà jọ ọ̀gá gan-an. Ìyẹn ni ó sì bí mi nínú jùlọ. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn kò yàwòrán níṣojú mi mọ́. Èmi kò mọ ohun tí mo pa nínú rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ Ẹgbẹ́ wa. Ní àkókò ìsinmi gígùn, ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ wa tún ń lọ kọ́ ní lẹ́sìn. Ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìlú. Kí àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà, ìyá aláró, ahunṣọ àti onílù wá kọ́ wọn, kí a sì sanwó fún wọn bí a ti ń sanwó fún olùkọ́. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun fi ọ̀dà, bébà àti kámẹ́rà ránṣẹ́, kí àwọn ọmọ lè máa ya iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà sílẹ̀, kí wọ́n sì máa gba ohùn wọn. Bí ọmọ yín bá wálé fún ìsinmi, kí ó bá wọn jókòó.

Àwọn àgbà tí ó mọ iṣẹ́ wọ̀nyí kò pọ̀ mọ́ láàárín wa, ọdọọdún ni wọ́n sì ń dín kù. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a jí lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ti ṣú. Àmín.