Bí A Ṣe Ń Ṣírò Àkókò Ìrìn-Àjò Ọkọ̀ Akẹ́rù àti Tírélà láti Ìwó

Ìlú Ìwó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lójú ọ̀nà tó so Òṣogbo àti Ìbàdàn pọ̀. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ tó gbé ẹrù oko, pákó, sìmẹ́ǹtì àti ẹrù ilé ń ti ìlú yìí jáde, tí àwọn mìíràn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìbéèrè tí ẹni tó háyà ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ bi awakọ̀ ni pé, “Ìgbà wo la máa débẹ̀?” Ìdáhùn tó sì sábà máa ń gbọ́ ni iye wákàtí tí ọkọ̀ kékeré ń lò.

Àṣìṣe kékeré kọ́ ni èyí. Ẹni tó ni tòmátì á ti ṣàdéhùn pẹ̀lú àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí àkókò tí ọkọ̀ kò lè bá. Awakọ̀ tó ti rẹ̀ á máa sáré kí wọ́n má bàa bú u. Ọkọ̀ tó yẹ kó ti gúnlẹ̀ lójúmọmọ á ṣì wà lójú ọ̀nà nínú òkùnkùn. Nítorí náà ni a fi ṣe àlàyé yìí, kí ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa lè mọ bí a ṣe ń ṣe ìṣirò tó bá òótọ́ mu kí ọkọ̀ tó gbéra.

Irú ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn

Ọ̀rọ̀ yìí kan tírélà, ọkọ̀ agbépo àti ọkọ̀ àjàgbé gbogbo. Ó tún kan ọkọ̀ kékeré tó bá so ohun mìíràn mọ́ ẹ̀yìn: ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́, tàbí èyí tó so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ẹ̀yìn láti fi gbé jẹnẹrétọ̀, táǹkì omi, tàbí àga àti kánópì fún òde ìnáwó. Ní ìlú òyìnbó, àwọn mìíràn a máa wọ́ ilé onítáyà káàkiri fún ìgbafẹ́. Ẹrù yàtọ̀ sí ẹrù, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni a ń gbà ṣírò àkókò wọn.

Ìwọ̀n eré tí òfin gbà

Ìwọ̀n tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti Ìjọba Àpapọ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FRSC, ń tẹ̀ lé nìyí, ní iye kìlómítà láàárín wákàtí kan:

• Ọkọ̀ kékeré ti ara ẹni: 50 nínú ìgboro, 80 lójú ọ̀nà tó so ìlú pọ̀, 100 lójú òpópónà márosẹ̀.
• Takisí àti bọ́ọ̀sì: 50 nínú ìgboro, 80 lójú ọ̀nà tó so ìlú pọ̀, 90 lójú òpópónà márosẹ̀.
• Tírélà àti ọkọ̀ agbépo: 45 nínú ìgboro, 50 lójú ọ̀nà tó so ìlú pọ̀, 60 lójú òpópónà márosẹ̀.
• Ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ mìíràn: 45 níbi gbogbo.

Ẹ ó rí i pé lójú òpópónà márosẹ̀, ìwọ̀n tí òfin fún tírélà kò ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti ọkọ̀ kékeré lọ. Bí ọ̀nà bá tilẹ̀ dán bí awo, tí kò sì sí ìdíwọ́ kankan, tírélà kò lè bá ọkọ̀ kékeré dé pọ̀ láìrú òfin. Ìwọ̀n wọ̀nyí sì ni òpin eré. Wọn kì í ṣe iye tí ọkọ̀ ń sá láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò dé ìparí.

Ìdí tí ọkọ̀ tó gbẹ́rù fi ń pẹ́

Àkọ́kọ́ ni pé ọkọ̀ tó wúwo kì í tètè ká eré, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè dúró. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọkọ̀ máa lò kí bíréèkì tó dá a dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín òun àti ẹni iwájú kéré.

Èkejì ni òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọkọ̀ tó rọra gun òkè gbọ́dọ̀ rọra sọ̀ pẹ̀lú, nítorí bíréèkì tí a tẹ̀ títí tó fi gbóná lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni kòtò. Ibi tí ọkọ̀ kékeré ti ń yà fún kòtò, tírélà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kó tó lè kọjá láìjẹ́ pé ẹrù yẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìdúró: ibi àyẹ̀wò, ibi tí a ti ń ra dísù, ibi tí a ti ń yẹ táyà àti okùn ẹrù wò. Kò sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí tó ń hàn nínú iye wákàtí tí Google Maps ń gbé jáde lórí fóònù, nítorí ọkọ̀ kékeré ni ó ń bá ṣírò.

Ìgbésẹ̀ ìṣirò náà

1. Ẹ pín ọ̀nà sí apá-apá. Ẹ kọ iye kìlómítà apá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.
2. Fún apá kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n eré tí òfin gbà. Ibi tí òfin ti gba 60, ẹ fi 40 ṣírò. Ibi tó ti gba 45, ẹ fi 30 ṣírò. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́ púpọ̀, ẹ dín in kù sí i.
3. Ẹ fi iye yìí pín kìlómítà. Ohun tó bá jáde ni iye wákàtí.
4. Ẹ fi àkókò súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìlú ńlá tí ẹ máa gbà kọjá kún un.
5. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìsinmi kún un fún wákàtí mẹ́rin mẹ́rin tí awakọ̀ bá fi wakọ̀.
6. Ẹ wá fi ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo rẹ̀ lé e, fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí tẹ́lẹ̀.

Àpẹẹrẹ: tírélà láti Ìwó sí Èkó

Láti Ìwó dé oríta Ìwó Road ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí a bá gba Lálúpọn kọjá, jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 45. Nítorí ìletò àti ìlú tó wà lọ́nà, a fi 30 ṣírò rẹ̀: wákàtí kan àti ààbọ̀. A fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún ìgboro Ìbàdàn. Ó di wákàtí 2.

Òpópónà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 127. Bí a bá fi 40 ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 10. Pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìsinmi, gbogbo rẹ̀ di wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 40. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 25. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 5.

Ẹ fi èyí wé ọkọ̀ kékeré tó ń sá 80 dé Ìbàdàn, tó sì sá 100 dé Èkó. Lórí ìwé, kò ní lò tó wákàtí 2. Ẹni tó bá fi ti ọkọ̀ kékeré ṣàdéhùn fún ẹrù tírélà ti pàdánù wákàtí márùn-ún kí ó tó gbéra.

Ohun kan tún kù. Òfin ìrìnnà ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba tírélà láyè láti rìn nínú ìgboro Èkó láti agogo 6 òwúrọ̀ títí di agogo 9 alẹ́, àyàfi ọkọ̀ agbépo àti bọ́ọ̀sì gígùn tó ń kó èrò. Tírélà tó bá kúrò ní Ìwó ní agogo 7 òwúrọ̀ á dé ẹnu Èkó ní ọ̀sán, á sì dúró títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Bí ó bá kúrò ní agogo 12 ọ̀sán, á débẹ̀ láàárín agogo 6 ku ogún ìṣẹ́jú àti agogo 7 kọjá díẹ̀. Ọ̀nà jíjìn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí òkùnkùn tó kùn, awakọ̀ á sì rí àyè jẹun kí ó sì sinmi kí agogo 9 tó lù.

Àwọn ìgbà tó yẹ kí a fi àkókò kún un

Ní àkókò òjò, láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, omi máa ń bo kòtò mọ́lẹ̀, etí títì a sì máa rọ̀. Ní àkókò ọyẹ́, kùrukùru òwúrọ̀ kì í jẹ́ kí a rí iwájú. Ọ̀sẹ̀ Iléyá, ọ̀sẹ̀ Ìtúnu Ààwẹ̀ àti ìparí ọdún ni ọkọ̀ máa ń pọ̀ jù. Ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, èrò tó ń lọ sí ìsìn òru ní àgọ́ Ìjọ Redeemed máa ń mú kí ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Bí ọjọ́ ìrìn-àjò yín bá bọ́ sí irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin kò tó. Ẹ fi ìdajì kún un.

Ojúṣe ẹni tó ni ẹrù

Awakọ̀ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ eré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń pè é lórí fóònù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá pé “Ibo lo dé?” wà lára ohun tó ń tì í. Ẹ bá a ṣàdéhùn àkókò kí ẹrù tó wọ ọkọ̀, ẹ sì jẹ́ kí oníbàárà tó ń dúró de ẹrù mọ̀ pẹ̀lú. Ẹ máa pe ọmọ ọkọ̀ dípò awakọ̀. Ẹrù tó bá lè tètè bàjẹ́, ẹ kó o ní ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra gan-an. Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹrù tó pẹ́ dé ṣì ṣeé tà, ẹ̀mí tó bá bọ́ kò ní àrọ́pò.

Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà

Ẹ gbé e kúrò lójú títì bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta tó ń tàn sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí i kó tó dé ibẹ̀. Ẹ má fi ewé tàbí òkúta rọ́pò rẹ̀ ní alẹ́. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí 122, tàbí ẹ pe 112 fún pàjáwìrì gbogbo. Ẹ sọ orúkọ ìlú tí ẹ gbà kọjá kẹ́yìn àti ibi tí ẹ dorí kọ, kí àwọn olùrànlọ́wọ́ lè tètè rí yín.