Mary Ellen Best: Obìnrin Tó Ń Ya Ilé Bí Ilé Ṣe Rí

Bí a bá ń pìtàn, ọba àti jagunjagun la sábà máa ń dárúkọ. Ta ló ń pìtàn ìkòkò, àga àti tábìlì oúnjẹ?

Ọdún 1809 ni wọ́n bí Mary Ellen Best ní ìlú York, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀. Láyé ìgbà náà, wọ́n máa ń kọ́ ọmọbìnrin ilé ọlọ́lá ní àwòrán yíyà, ṣùgbọ́n wọn kò retí pé kí ó fi ṣiṣẹ́ ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ Royal Academy ní London kò tilẹ̀ gba obìnrin kankan títí di 1860. Èyí kò dá Best dúró. Ó ń fi ọ̀dà tí a fi omi pò ya ohun tó wà níwájú rẹ̀: yàrá ìjẹun nílé ìyá àgbà rẹ̀ ní Langton, ilé ìdáná Elmswell Hall ní 1834, inú ilé àwọn tálákà, àti yàrá tí òun fúnra rẹ̀ ti ń kun àwòrán. Nígbà tó rìnrìn àjò dé Hóláǹdì àti Jámánì, inú ilé àwọn ará ibẹ̀ náà ló ń yà.

Ní 1840 ó fẹ́ olùkọ́ kan, Johann Anton Phillip Sarg, wọ́n sì lọ ń gbé ní Jámánì. Ó ya àwọn ọmọ wọn àti pálọ̀ wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ilé ṣe ń pọ̀ sí i ni àwòrán ń dín kù. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ mọ ohun tí mò ń wí. Ó kú ní 1891. Ọdún 1985 ni Caroline Davidson tó tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde.

Lónìí, àwọn òpìtàn ń wo àwòrán rẹ̀ láti mọ àwọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe ń to àwo, àti ibi tí ìránṣẹ́ ń dúró sí. Kámẹ́rà ìgbà náà kò lè gba àwọ̀ sílẹ̀.

Àwa náà wà ní ìdálẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó àti ìkómọ kún ilé wa, ṣùgbọ́n ta ló ya odó tí a gbé wá láti ilé, tàbí ìdí ààrò tí màmá ti ń ro àmàlà? Ẹ fún àwọn ọmọ ní pẹ́ńsùlù kí wọ́n yà á, kí ẹ sì kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò rí wò?