Bí A Bá Fẹ́ Bi Aláìsàn Léèrè Ara Rẹ̀

Ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí a bá fara balẹ̀ gbọ́ ẹni tí nǹkan ń ṣe, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń dé ibi tó ń dùn ún gan-an, ì báà jẹ́ orí ọ̀wọ́n ọjà ló ti bẹ̀rẹ̀. Òwe náà fi ẹ̀rí lé aláìsàn lọ́wọ́. Dókítà lè wọn ìfúnpá, ó lè yẹ ìtọ̀ wò, ó lè ya àwòrán egungun. Ṣùgbọ́n bóyá ìyá tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ṣì ń rí oorun sùn, bóyá ojú ń tì í láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ròde, ẹnu ìyá nìkan la ti lè gbọ́ ọ.

Ẹni tó ń sọ tinú rẹ̀ bó ṣe wù ú ni òwe yìí ń bá wí. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ti kọ ìbéèrè sílẹ̀, ní èdè òkèèrè, tó sì ti yan ohun tí aláìsàn yóò sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní 1991 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí WHOQOL, ìwé ìbéèrè nípa bí ayé ṣe ń rọ ènìyàn lọ́rùn sí. Èyí tí wọ́n gé kúrú nínú rẹ̀, WHOQOL-BREF, ní ìbéèrè 26, Nàìjíríà sì wà lára orílẹ̀-èdè 23 tí wọ́n ti dán an wò, tí àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde ní 2004. Ní 2006, A. O. Akinpelu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìdánwò ìtumọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, lọ́dọ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù tí wọ́n sì yè é. Ní 2015, Chidozie Mbada àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ gbé SF-36, ìwé ìbéèrè ìlera ti Amẹ́ríkà, jáde ní Yorùbá.

SF-36 yẹn, nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́, ń bèèrè bóyá ara ènìyàn gbé e láti ta gọ́ọ̀fù tàbí láti ti ẹ̀rọ ìgbálẹ̀. Ìyá kan ní Èsìẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà, lè dáhùn pé òun kò ṣe irú rẹ̀ rí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lágbára. Iyán gígún, omi pípọn, àgbàlá gbígbá: ibẹ̀ ni agbára obìnrin ti ń hàn níhìn-ín.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ẹni méjì ni yóò tú u lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn á pa á pọ̀, ẹlòmíràn tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ á tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ á jókòó lé e lórí, wọn á sì gbé e lọ bá bí ọgbọ̀n sí ogójì ènìyàn láti mọ bó ṣe yé wọn sí. Ìdánwò kù lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yí padà gbọ́dọ̀ dáhùn bákan náà lónìí àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹni tó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá kò gbọ́dọ̀ gba máàkì kan náà. Nínú gbogbo rẹ̀, ọgbọ̀n ènìyàn yẹn ni mo fọkàn tẹ̀ jù. Ẹni tó tú u lọ àti ẹni tó tú u bọ̀, ọ̀mọ̀wé ni wọ́n. Wọ́n lè gbọ́ ara wọn yé dáadáa, kí ará ọjà má gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ya ọmọdé sọ́tọ̀ sí àgbà. Bí ìwé bá wá kọ ọ́ pé "Báwo ni o ṣe ń sùn sí?", tí nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ ń kà á sí bàbá ẹni àádọ́rin ọdún létí ní Òmù-Àrán, ìbéèrè ti bàjẹ́ kí bàbá tó la ẹnu. Bó bá sì ní "Bàbá, ara yín ńkọ́?", kíkí ni bàbá gbọ́ yẹn. "A dúpẹ́" ni yóò fi dá a lóhùn, bí kò tilẹ̀ fojú ba oorun mọ́jú. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. A kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi wá ilé. Ó sàn kí a bi í pé: "Lóru àná, ẹ̀ẹ̀melòó ni ìrora jí yín?" Bẹ́ẹ̀ náà ni "ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá" ṣe máa ń yé àgbà yékéyéké bí a bá sọ pé láti Jímọ̀ méjì sẹ́yìn, tàbí ìsìn ọjọ́ Àìkú méjì.

WHOQOL-BREF tún bèèrè bí ìbálòpọ̀ ṣe tẹ́ ènìyàn lọ́rùn sí. Kò yẹ kí a yọ ọ́ dànù, nítorí ìtọ̀ ṣúgà ń ba ọ̀ràn yẹn jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò rẹ́ni sọ fún. Kí ọkùnrin bi ọkùnrin, kí ilẹ̀kùn wà ní títì.

Ìbéèrè tí kò bá ẹni mu lè sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá di aláìsàn. Ní 1992, nígbà tí ikọ̀ olùwádìí Osuntokun àti ti Hendrie bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí àrùn ìgbàgbé ní Ìdìkan, n'Ìbàdàn, àti ní Indianapolis ti Amẹ́ríkà, ìbéèrè tí wọ́n lò jẹ́ èyí tí àgbà tí kò fojú kan ilé-ìwé rí lè dáhùn, wọ́n sì tún bi àwọn ará ilé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ayé fi lè gba àbọ̀ wọn gbọ́ ní 2001, pé iye àwọn tí àrùn náà ń mú lọ́dún n'Ìbàdàn kò tó ìdajì ti àwọn Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà.

Kì í ṣe ìtumọ̀ nìkan ló wà; a lè kọ tiwa. Fínlándì, tí ènìyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 6, ní ìwé ìbéèrè tiwọn, 15D. Mayowa Owolabi ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwé ìbéèrè HRQOLISP fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, wọ́n sì dán an wò n'Ìbàdàn àti ní Berlin. Ó fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọkàn àti ẹ̀mí, ohun tí aláìsàn Yorùbá kì í yéé mẹ́nu bà.

Àwọn Ìgbómìnà gbọ́ Yorùbá ilé-ìwé dáadáa. Bíbélì Crowther àti rédíò ti fi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú bá ń run àgbà, èdè ilé ló fi ń ké. Ẹ̀yin olùwádìí ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba Òmù-Àrán, kí ẹ tó lo ìwé Ifẹ̀ tàbí ti Ìbàdàn, ẹ kà á sétí àwọn àgbà Èsìẹ́ àti Arándùn, ẹ ní kí wọ́n fi èdè tiwọn tún un sọ, kí ẹ sì ṣàtúnṣe ibi tí kò bá yé wọn kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní máàkì.