Sàlẹ́ńsà Tó Ṣófo: Ìtàn Èéfín Tí Wọ́n Tà fún Wa Mọ́ Ọkọ̀ Tòkunbọ̀

Nọ́ọ̀sì yín ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ní a ó parí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná. Ó gùn, ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọdún mẹ́rin kan wá bá mi ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀. Ó ń mí gúlegúle. Abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, àyà rẹ̀ sì ń súfèé. A ṣe èyí tí agbára wa ká, a sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù méjì. Ìyá àgbà tí wọ́n jọ ń sùn náà ń wúkọ́. Mo bi wọ́n pé ta ló ń mu sìgá nínú ilé. Wọ́n ní kò sí. Ṣé igi lẹ fi ń dáná? Gáàsì ni. Nígbà tó di Sátidé, mo tẹ̀ lé wọn délé.

Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi rí i. Tíípà kan wà lábẹ́ fèrèsé yàrá tí ọmọ àti ìyá àgbà ń sùn, ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ kọjú sí fèrèsé gan-an. Aago márùn-ún àárọ̀ ni bàbá ọmọ máa ń ṣáná sí i, á fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí kó lè gbóná, òun á wá lọ wẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èéfín yìí ló ń wọlé bá àwọn tó ń sùn o." Ó ní, "Áńtí Nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ yìí ò ní èéfín burúkú. Tòkunbọ̀ ojúlówó ni. Ẹni tó tà á fún mi ní àwọn òyìnbó ti fi nǹkan tó ń sẹ́ èéfín sí i nídìí." Lóòótọ́, wọ́n ti fi sí i nígbà kan rí.

Owó àjọ ọdún mẹ́ta ló fi rà á, pẹ̀lú owó tí ìyàwó rẹ̀ yá ní kọpuréétíìfù.

Ọkọ̀ náà ti ń mu epo jù, ó pinnu láti pe rẹ́wáyà kan wá láti Òṣogbo, mo sì ní kí ó pe èmi náà lọ́jọ́ tó bá dé. Ọmọkùnrin yẹn wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi irin gbá àpótí ńlá tó wà lára sàlẹ́ńsà, ó dún bí agolo òfìfo. Wọ́n ti là á, wọ́n kó gbogbo inú rẹ̀ dànù, wọ́n jó irin rẹ̀ padà, wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ó tún fa àpótí kékeré kan yọ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kò ju páálí ìṣáná lọ, wáyà mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé gbogbo nǹkan ṣì wà ní ipò wọn. Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó tà á fún un kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn nǹkan yìí kiri.

Orúkọ èèyàn ni dísù tí à ń pè. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí sí Paris ní 1858, ló gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ náà ní 1893, nígbà tó sì di 1897 ó ti ṣe èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìlú Augsburg. Ẹ̀rọ pẹtiróòlù ń lo plọ́ọ̀gì láti ṣáná, ti Diesel kò nílò rẹ̀. Á fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná gan-an, bí epo bá ti kán sí i, á gbiná fúnra rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó lágbára kó má sì jẹ epo púpọ̀. Ìyẹn náà ló ba èéfín rẹ̀ jẹ́: epo tí kò jó tán á di eruku dúdú, ooru tó pọ̀ jù á sì sọ nitrogen inú afẹ́fẹ́ di nǹkan tó ń ta ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Diesel fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé. Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí England ló ti pòórá ní oṣù kẹsàn-án 1913. Ẹ má bi mí bóyá ńṣe ni wọ́n tì í, mi ò sí níbẹ̀.

Nílẹ̀ wa níbí, rélùwéè ló kọ́kọ́ ń kó ẹrù wa. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní 1907. Nígbà tó yá, lọ́rì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀: bọ́lẹ̀kájà onípákó, lẹ́yìn náà Mercedes 911 tí gbogbo wa mọ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè. Irú rẹ̀ ni bàbá mi wà fún ogún ọdún. Sìgá kò kan ẹnu rẹ̀ rí, síbẹ̀ ikọ́ ló bá a dé ojú ikú. N kò lè búra pé lọ́rì ló fà á, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, sìgá, èéfín igi àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ni mo kọ sínú ìwé mi. N kò rántí pé mo kọ dísù.

Àwọn onímọ̀ pàápàá pẹ́ kí wọ́n tó fẹnu kò. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, tí ilé iṣẹ́ wọn wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, sọ ní 1988 pé ó ṣeé ṣe kí èéfín dísù máa fa jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ "ó ṣeé ṣe" yìí wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 24. Ní oṣù kẹta 2012, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí àwọn awakùsà 12,315 jáde. Ibi ìwakùsà mẹ́jọ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ onídísù sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn tó fa èéfín náà símú jù ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa jù. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, àjọ yẹn yọ "ó ṣeé ṣe" kúrò. Wọ́n to èéfín dísù mọ́ ẹgbẹ́ kìíní, níbi tí sìgá àti asbestos wà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, iṣẹ́ mi nìyí. Eruku tó ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà yẹn kéré débi pé bí ẹ bá to 25 nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò ju ìbú irun orí kan lọ. Irun imú kò lè dá a dúró. Ikọ́ kò lè wú gbogbo rẹ̀ jáde. Á wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń pàdé ẹ̀jẹ̀, òmíràn á sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Nítorí náà kì í ṣe ikọ́ nìkan. Ó ń ru ikọ́ fée sókè, ó ń dá kún àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, aláboyún tó bá ń fà á símú lójoojúmọ́ sì lè bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n. Ọmọdé ń mí yára ju àgbà lọ, ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi ń pọ̀ jù nínú yàrá kan náà.

Àwọn ará Yúróòpù rí èyí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin. Euro 1, òfin àkọ́kọ́ nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Euro, bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Ọdún díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń fún un le sí i, títí tí kò fi sí bí ọkọ̀ onídísù ṣe lè yege láìní asẹ́: ọkọ̀ kékeré láti nǹkan bí 2009, ọkọ̀ ńlá láti 2013. Asẹ́ yìí ló ń wà nínú àpótí tí rẹ́wáyà wa gbá yẹn. Ó ń mú eruku dúdú dání, bí ó bá kún, ọkọ̀ á mú un gbóná gidigidi kí eruku náà lè jó dànù. Ní ti nitrogen tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi táǹkì kékeré kan sí ara ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá tó ń fọ́n omi yúríà sínú èéfín. Ẹ̀yin àgbẹ̀, yúríà tí ẹ mọ̀ náà ni, èyí tó wà nínú ajílẹ̀. Bí táǹkì yìí bá gbẹ, kọ̀ǹpútà á dín agbára ọkọ̀ kù kí ẹni tó ń wà á lè lọ rọ omiín sí i.

Àsìkò yẹn ni ọgbọ́n-kọ́gbọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé Áfíríkà nìkan ni. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, ìjọba Amẹ́ríkà tú àṣírí Volkswagen: wọ́n ti kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wọn pé tó bá mọ̀ pé wọ́n ń yẹ òun wò, kó mọ́, tó bá ti dé títì, kó máa ṣe bó ṣe fẹ́. Nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ lágbàáyé ló ní in. Ní 2020, àjọ tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún mẹ́wàá, ó lé ní 550,000 ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù onídísù tí àwọn tó ni ín ti yọ ohun ìsẹ́ èéfín lára wọn kí ọkọ̀ lè sáré sí i. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á di ohun tí wọ́n tà lọ́jọ́ kan. Ta ló máa rà á?

Àwa náà mọ̀. Tòkunbọ̀ là ń pe ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó sì padà wálé, orúkọ ayọ̀ ni. A wá fi pe ọkọ̀ tí òkè òkun ti lò gbó. Ní 2020, àwọn alábòójútó ọkọ̀ ní Netherlands yẹ àwọn ọkọ̀ tó fẹ́ wọkọ̀ ojú omi bọ̀ ní Áfíríkà wò. Púpọ̀ nínú wọn ti lo ọdún 16 sí 20, púpọ̀ ni kò kún ojú ìwọ̀n Euro 4, wọ́n sì rí èyí tí wọ́n ti yọ kátálísì rẹ̀ lọ. Kátálísì yẹn ní irin iyebíye nínú, platinum àti palladium. Ó ń pa owó fún ẹni tó bá yọ ọ́, yálà ní ọ̀hún tàbí níbí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo fún àwọn mẹkáníìkì wa. Kì í ṣe olè ni gbogbo wọn tó ń yọ asẹ́. Imí-ọjọ́ tó wà nínú epo dísù ló ń ba àwọn nǹkan wọ̀nyí jẹ́. Ní Yúróòpù, imí-ọjọ́ kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ní 2016, ẹgbẹ́ Public Eye láti Switzerland yẹ epo tí wọ́n ń tà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wò, wọ́n rí èyí tó tó 3,780. Òfin Nàìjíríà nígbà náà gba 3,000. Asẹ́ tí wọ́n ṣe fún 10, ẹ wá fi 3,000 rọ ọ́ lọ́nà. Ó dí. Ọkọ̀ kò fà mọ́. Oníbàárà ń pariwo. Omi yúríà kò sí nílé epo tó wà nítòsí. Kí ni mẹkáníìkì máa ṣe? Ohun tí mo bá wọn jà lé lórí ni pé wọ́n ń ṣe é tán, wọn kì í sọ fún ẹni tó máa rà á lẹ́yìn náà.

Ní oṣù kejìlá 2016, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire jọ ṣèpàdé ní Àbújá, nígbà tí Amina Mohammed jẹ́ mínísítà àyíká, wọ́n fẹnu kò pé imí-ọjọ́ inú dísù kò gbọdọ̀ ju 50 lọ. Ní oṣù kejì 2020, àwọn mínísítà ECOWAS fọwọ́ sí i, wọ́n tún ní láti oṣù kìíní 2021, ọkọ̀ tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kún ojú ìwọ̀n Euro 4. Àjọ NESREA tiwa ti ní òfin èéfín ọkọ̀ láti 2011. Ẹ dúró ní Akọ́dà fún ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, kí ẹ ka iye lọ́rì tó ń tú èéfín dúdú, ẹ ó mọ ibi tí òfin náà dé.

Òfin kan tún wà tí mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n, ti 2018, èyí tó dá àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ta ọjà tí wọ́n ti tún ṣe gbọ́dọ̀ fi hàn gbangba lára ọjà náà pé wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n ti kọ̀wé. Ẹni tó tà á fún un kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra dísù tòkunbọ̀, rẹ́wáyà yẹn kọ́ mi ní nǹkan kan tí mo fẹ́ràn nítorí ó jọ iṣẹ́ tiwa. Kí ọkọ̀ tútù, kí ẹ mú òwú funfun, ẹ fi nu inú ẹnu sàlẹ́ńsà. Bí asẹ́ bá wà tó sì ń ṣiṣẹ́, òwú náà kò ní dúdú tó bẹ́ẹ̀. Bó bá dúdú kirikiri bí ìdí ìkòkò, wọ́n ti kó inú rẹ̀. Ẹ wo àpótí náà bóyá ojú ibi tí wọ́n ti jó irin wà lára rẹ̀. Ẹ bi í pé táǹkì yúríà ńkọ́, ẹ ṣí i wò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ó sì fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wé ti inú ìwé ọkọ̀. Èyí tí ẹ bá ti rà ńkọ́? Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé. Ẹ má fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ nínú ọgbà, ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ti tó, kí ẹ sì rọra wà á jáde, ojú ọ̀nà ni yóò ti gbóná.

Asẹ́ tuntun wọ́n ju ohun tí Ẹ̀gbọ́n lè san lọ báyìí. Òpópónà ló ń gbé tíípà náà sí, ó ń sanwó fún ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ. Láti oṣù méjì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gbé ọmọ náà wá, ọyẹ́ sì ti lọ, nítorí náà n kò tíì lè sọ pé ọkọ̀ nìkan ni. Ìyá àgbà ṣì ń wúkọ́. Mo ti kọ̀wé fún wọn kí wọ́n lọ ya fọ́tò àyà rẹ̀ ní Òṣogbo, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n ń lọ.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí àwọn onítíípà àti onílọ́rì tí ẹ mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.